Ilẹ̀kùn Kùmásì

Ní ọdún 1817, nígbà tí Osei Bonsu, ọba aláṣẹ èkejì òrìṣà, ń pàṣẹ fún gbogbo ilẹ̀ Àṣáńtì lábẹ́ ọlá Àga Wúrà, Gẹ̀ẹ́sì kan tí à ń pè ní Bowdich dé Kùmásì, ó sì tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn ibẹ̀: odidi pákó kan ni, tí a fi làálàá là lára ìtí àràbà tàbí lára gbòǹgbò rẹ̀ tí ó yọ bí ògiri, tí a sì kan ọ̀pá igi tí a gé lóríṣiríṣi, tí a kùn ní ọ̀dà, mọ́ ọn lójú, ṣùgbọ́n àgádágodo tí ń tì í, láti ilẹ̀ Haúsá ni ó ti wá. Kì í ṣe pé Àṣáńtì kò ní alágbẹ̀dẹ o. Síbẹ̀, láti ìgbà náà ni igi ilé ti ń ṣe ilẹ̀kùn Kùmásì, tí irin àlejò sì ń mú un gbọ́ràn.

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù kún un, ni a máa ń wí. Èmi kò lè wí bẹ́ẹ̀ nípa iná tí ọmọ ogun Wolseley, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, fi sí ìlú náà ní 1874.

Nígbà tí ojú irin Sekondi dé Kùmásì ní 1903, ọjà Yúróòpù wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn ọmọ Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, ọmọ a-rìn-jìnnà-má-gbàgbé-ilé, sì wà lára àwọn tí ń pàtẹ ọjà wẹ́wẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n bímọ, títí ìjọba Busia ní Gánà fi pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń dùn mí dọ́kàn: ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí àwọn bàbá wa fi owó ara wọn kàn, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó wá ń ṣí i.

Àràbà ò wó mọ́, ojú ti ìrókò. Ṣùgbọ́n ní ti ilẹ̀kùn, ìrókò, tí Àṣáńtì ń pè ní odum, ni ó lékè, nítorí igi àràbà rọ̀, odum le, kò sì bẹ̀rù ikán. Odum yìí wà lára igi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Sokoban ní Kùmásì, tí wọ́n ti wà ní Anloga tẹ́lẹ̀, ń gbẹ́. Bí a bá sì fi odum yìí ṣe ilẹ̀kùn nílé oúnjẹ àwọn ọlọ́lá, kò yẹ kí ó máa gbá gbàgà. Ìdí nìyí tí a fi ń wá hínjì tí ń rọra padé, èyí tí sípíríǹgì ń fà, tí òróró inú ọ̀pá kékeré rẹ̀ sì ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n odum wúwo, hínjì kọ́bọ́ọ̀dù kò lè gbé e. Ooru ilé ìdáná a sì máa mú òróró ṣàn jù, tí ilẹ̀kùn yóò fi yára ju bí a ti fẹ́ lọ. Èyí tí a lè tún ìyára rẹ̀ ṣe ni kí onílé oúnjẹ rà, bí ó tilẹ̀ wọ́n, kí ó sì ti béèrè ìwúwo ilẹ̀kùn lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kí ó tó dé ọjà.