Alùpùpù Ítálì ní Ojú Ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ajah

Ọ̀rọ̀ tí a ó gbé yẹ̀ wò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ olówó nìkan, bí a bá fi ojú lásán wò ó. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni. Kì í ṣe gbogbo alùpùpù, bí kò ṣe èyí tí ó ti Ítálì wá. Lóòótọ́, ti Japan ni ó pọ̀ jù nínú àwọn alùpùpù ńlá tí àwọn tí ń gbé ní Lẹ́kkí àti Ajah máa ń gbọ́ ìró wọn ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọ̀nà bá ṣófo, tí àwọn tí ó ni wọ́n bá ń sáré lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ti Ítálì a máa wà láàárín wọn, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹlòmíràn yóò yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, yóò pòṣé, yóò ní, "Àwọn ọmọ yìí tún ti dé." Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀, kí a mọ ibi tí ẹ̀rọ yìí ti wá, kí a sì mọ ohun tí ó so ó pọ̀ mọ́ wa.

Ọ̀nà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ni ènìyàn fi ń ti Èkó dé Ajah, Badore àti Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà wà ní ọwọ́ kan, òkun wà ní ọwọ́ kejì. Yanrìn, igi àgbọn àti abúlé àwọn apẹja ni ó wà láàárín. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, láti 1979 di 1983, ni a la ọ̀nà ńlá tí a mọ̀ lónìí sí ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ dé, ilé olówó ni ó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun Èkó wó Màrókò palẹ̀. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, èyíinì ni 300,000, ni wọ́n sọ di aláìnílé. Díẹ̀ nínú wọn ni a rí ibùgbé fún ní Ìlàsán àti Ìkọtà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìtàn ilẹ̀ yìí ti jẹ́ ìtàn ẹni tí a ní kí ó kúrò àti ẹni tí a ṣí ọ̀nà fún.

Alùpùpù Ítálì tí àwa àgbà kọ́kọ́ mọ̀ kì í ṣe ti eré sísá. Fẹ́sípà ni. Olùkọ́ ilé-ìwé ni bàbá mi, Fẹ́sípà ni ó sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi yóò dúró níwájú, láàárín ẹsẹ̀ bàbá. Ìyá mi yóò jókòó lẹ́yìn, yóò kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì fi ọwọ́ di gèlè rẹ̀ mú. Ní àkókò náà, olùkọ́, akọ̀wé àti wolé-wolé ni wọ́n ń gùn ún. Kì í ṣe ohun ìfẹlá. Ohun tí ó ń gbé òṣìṣẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni.

Bí ó ti rí ní ilẹ̀ tí a ti ṣe é náà nìyẹn. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí, ọkọ̀ òfuurufú ni ilé-iṣẹ́ Piaggio ń ṣe ní ìlú Pontedera. Bọ́ǹbù wó ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tí ogun tán ní 1945, ọ̀nà ti bàjẹ́, owó kò sì sí lọ́wọ́ aráàlú láti ra mọ́tò. Enrico Piaggio wá ní kí Corradino D'Ascanio, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán ọkọ̀ òfuurufú, ṣe ohun ìrìnnà kan tí agbára mẹ̀kúnnù yóò ká. D'Ascanio kò fẹ́ràn alùpùpù rárá: ó ní ó ń da epo sí ènìyàn láṣọ, ó ṣòroó gùn, táyà rẹ̀ sì ṣòroó pààrọ̀. Nítorí náà ni ó ṣe bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, tí ó fi àyè sílẹ̀ níwájú fún ẹsẹ̀, tí ó sì gbé táyà kọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é fún ọkọ̀ òfuurufú. Ní oṣù Kẹrin 1946 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Agbọ́n ni ìtumọ̀ Vespa ní èdè Ítálì, nítorí pé ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ sì tóbi.

Ẹ jẹ́ kí a wá kan Ducati, tí orúkọ rẹ̀ ń dún lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ jù lọ. Ní 1926 ni a dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Bologna. Kì í ṣe alùpùpù ni ó ń ṣe nígbà náà. Ẹ̀yà ara rédíò ni. Ní oṣù Kẹwàá 1944, bọ́ǹbù wó ilé-iṣẹ́ tiwọn náà. Nígbà tí wọ́n máa padà bẹ̀rẹ̀ ní 1946, ẹ̀rọ kékeré kan tí agbára rẹ̀ kò tó 50cc ni wọ́n gbé jáde. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni a ń so ó mọ́, kí ẹni tí ń gùn ún lè sinmi ẹsẹ̀ wíwà. Cucciolo ni orúkọ rẹ̀, èyíinì ni ọmọ ajá, nítorí pé ìró rẹ̀ jọ gbígbó ọmọ ajá. Ẹ̀yin òǹwòran wa, láti inú àwókù ilé àti ìṣẹ́ ni ẹ̀rọ méjèèjì yìí ti jáde. Àìní ni ó bí wọn.

Bí ọrọ̀ ṣe ń padà sí Ítálì ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1954, Fabio Taglioni wọ iṣẹ́ ní Ducati. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó fi ọgbọ́n kan sínú ẹ̀rọ ìdíje tí ó sọ ilé-iṣẹ́ náà di olókìkí. Nínú ẹ̀rọ tí a mọ̀, sípíríǹgì ni ó ń ti fáàfù padà lẹ́yìn tí ó bá ṣí. Bí ẹ̀rọ bá ń sáré jù, sípíríǹgì lè má bá a mu mọ́. Taglioni mú sípíríǹgì kúrò: irin kan ń ṣí fáàfù, irin mìíràn ń tì í, bí ilẹ̀kùn tí ọwọ́ kan ń ṣí tí ọwọ́ kejì ń tì. Ní oṣù Kẹrin 1972, Paul Smart àti Bruno Spaggiari gba ipò kìíní àti ipò kejì lórí Ducati nínú ìdíje ńlá ti Imola, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Ní 1994 ni èyí tí wọ́n ń pè ní 916 jáde, iṣẹ́ ọwọ́ Massimo Tamburini. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé alùpùpù tí ó lẹ́wà tó o kò wọ́pọ̀. Ọmọ ajá ti di ẹkùn.

Báwo wá ni ó ti rí láti ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín? Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan léèrè, ẹni tí ó ní Ducati pupa kan, tí ilé rẹ̀ wà ní ọ̀nà Badore. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ bàbá, ẹ má ṣe rò pé eré ni ẹ̀rọ yìí ń kọ́ ènìyàn. Sùúrù ni." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣàlàyé tán, mo gbà fún un.

Ó ní ooru ni àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ ni a fi ẹ̀rọ náà lé lọ́wọ́: bí ó bá ń sáré, atẹ́gùn á máa tù ú. Ṣùgbọ́n bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé láti Jakande títí dé Ajah, atẹ́gùn kò sí mọ́. Ọ̀kan nínú sìlíńdà méjì tí ó ní sì wà lábẹ́ ìjókòó gan-an, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó gùn ún wọ aṣọ awọ, ìbọ̀wọ́ àti akoto lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Ó ní itan òun a máa gbóná bí ẹni pé òun jókòó ti ààrò.

Ìkejì ni iyọ̀ àti yanrìn. Afẹ́fẹ́ òkun a máa bá irin jà ní tòsán tòru. Ẹni tí kò bá máa nu ṣéènì, tí kò sì máa fi epo pa á, yóò rí i tí ó dógùn-ún kí oṣù tó yí. Yanrìn tí ọkọ̀ akóyanrìn dà sójú ọ̀nà kò ní ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lára. Ó lè gbé ẹlẹ́sẹ̀ méjì ṣánlẹ̀.

Ìkẹta ni ọgbọ́n Taglioni fúnra rẹ̀. Nítorí pé irin méjì ni ó ń darí fáàfù kọ̀ọ̀kan, ẹni tí yóò tún un ṣe gbọ́dọ̀ wọn àlàfo ibẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò tí ó yẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ a-fi-ojú-wọ̀n. Bẹ́ẹ̀tì rọ́bà sì wà nínú irú tirẹ̀ tí ó ti pẹ́, èyí tí a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ní ọdún méjì méjì. "Bàbá, bẹ́ẹ̀tì náà kò mọ̀ pé n kò gùn ún," ni ó wí. "Ọdún ni ó ń kà." Bí ó bá já lójú eré, fáàfù yóò kọlu pístọ̀nù, ẹ̀rọ olówó iyebíye á sì di irin lásán. Ó ti fi oṣù mẹ́rin dúró rí kí bẹ́ẹ̀tì tó ti òkè òkun dé. Ní gbogbo oṣù mẹ́rin náà, òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ó máa ń lọ nu ẹ̀rọ tí kò lè lọ síbì kankan.

Mo bi í pé kí ni ó dé tí kò fi tà á. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní bí òun bá ti kọjá Ajah ní ìdájí, tí ọ̀nà nà tàn-án-ná síwájú, ohun gbogbo tí ń yọ òun lẹ́nu láti ọjọ́ Ajé á fi òun sílẹ̀. Ó wá fi kún un pé ìyàwó òun kì í lè jẹun ní àwọn òwúrọ̀ náà títí yóò fi gbọ́ ìró ẹ̀rọ lẹ́nu géètì. Kò gbé ohùn sókè nígbà tí ó ń sọ èyí.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà gbóná kọjá ààlà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Ajah. Ó bẹ ọmọkùnrin kan pé kí ó máa ṣọ́ ọ, ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sílé. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ wo akoto ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, tèmi kò lè sáré bíi tiyín, ṣùgbọ́n ó ń délé."

Ẹ̀yin òǹwòran wa, kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe àlejò nínú ìtàn yìí. Ní 1948, Piaggio yọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lára Fẹ́sípà fún àwọn tí ń ru ẹrù. Ape ni wọ́n pè é, èyíinì ni oyin. Ní nǹkan bí 1960, ilé-iṣẹ́ Bajaj ní ilẹ̀ Íńdíà bá Piaggio ṣe àdéhùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ méjì àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Láti Íńdíà ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí Buba Marwa jẹ́ alákòóso ológun ní Èkó, láti 1996 di 1999, ni ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní kẹ̀kẹ́ Máàwá. Ọmọ ilẹ̀ kan náà ni ẹ̀rọ tí ó kú ní Ajah àti èyí tí ó gbé olówó rẹ̀ délé ń pè ní baba.

Ẹ wá wo bí òfin ti ṣe sí wọn. Lẹ́yìn 1986, nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé le koko mọ́ mẹ̀kúnnù, ni alùpùpù akérò gbilẹ̀ ní Èkó. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air ni a sì fi sọ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ 1992 kọ́, ní oṣù Kẹjọ 2012 ni òfin ìrìnnà Èkó lé e kúrò ní ojú ọ̀nà 475, ṣùgbọ́n ó yọ alùpùpù ìfìwéránṣẹ́ tí agbára rẹ̀ tó 200cc tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Ní oṣù Kejì 2020, òfin kan ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Etí-Ọ̀sà sì wà lára wọn. Ní oṣù Karùn-ún 2022, aáwọ̀ lórí owó ọkọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Lẹ́kkí Phase 1. Wọ́n lu ọkùnrin kan pa, wọ́n sì sun ún níná. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún náà, gómìnà Babajide Sanwo-Olu fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Èmi kò wá gbèjà ìwà ìpáǹle. Ẹni tí a pa ní Lẹ́kkí, ọmọ ènìyàn ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ké. Àwọn tí ó sùn sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú egungun itan tí ó ṣẹ́ nítorí ọ̀kadà kò lóǹkà. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi òótọ́ inú wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣeré ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú wà lójú ọ̀nà; èyí tí ń gbé alágbàṣe dé ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni a ní kí ó kúrò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtàn Ítálì fi hàn wá pé nítorí irú alágbàṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe dá ẹ̀rọ yìí sílẹ̀ ní 1946. Àwọn tí ó dá a kò fi òfin nìkan dá àìní lóhùn. Wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè ohun tí mẹ̀kúnnù yóò fi rìn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí a bá mú ọ̀kadà kúrò, ọkọ̀ èrò tí ó péye dà fún àwọn tí ilé wọn jìnnà sí ọ̀nà ńlá ní Badore, Láǹgbàsà àti Sàngótẹ̀dó? Ọkọ̀ ojú omi tí àwọn baba wa fi ń dé Ajah ńkọ́? Ibo ni ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn yóò gbà tí alùpùpù ńlá tàbí dáńfó kò fi ní gbá a? Ọ̀dọ́mọkùnrin onídùkátì wà pẹ̀lú wa nínú ilé yìí lálẹ́ òní, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ kan láti Ajah náà sì wà níhìn-ín. Awakọ̀ ni mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin àlejò wa.