Ìdúró Ni Owó Ìtòtẹ̀lé: Dátábéèsì Lórí Sáfà Púpọ̀

Bí a bá gbọ́ pé dátábéèsì kan wà lórí sáfà mẹ́ta, a lè rò pé iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju àdàkọ lọ. Àdàkọ rọrùn. Sáfà àgbà ń kọ gbogbo àyípadà ní ìtòtẹ̀lé sínú àkọsílẹ̀ kan, àwọn sáfà ọmọlẹ́yìn ń kà á, wọ́n sì ń ṣe bó ti wí. Ìtòtẹ̀lé yẹn gan-an ló le: èwo ló ṣáájú, ta ló sì láṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀? Èrò mi ni pé ìdúró ni owó tí a fi ń ra ìtòtẹ̀lé. Kò tíì sí ọgbọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Ibi tí a ti ń san án ló ń yí padà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí GitHub, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn olùkọ kóòdù tọ́jú iṣẹ́ wọn, ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún 2018. Níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, ìsopọ̀ ilé dátà wọn àgbà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà já fún ìṣẹ́jú-àáyá 43. Ètò tó ń yan sáfà àgbà gbé ipò náà fún ìwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ti gba àwọn àkọsílẹ̀ kan tí kò tíì dé ọ̀hún, ìwọ̀-oòrùn náà sì gba tirẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ìtàn di méjì. Ó gba wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 kí iṣẹ́ tó padà bọ̀ sípò, nítorí wọ́n yàn láti dáàbò bo dátà dípò kí wọ́n yára. Ìdúró tí wọn kò san díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n san lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ìlànà ìfohùnṣọ̀kan bíi Paxos tí Leslie Lamport tẹ̀ jáde ní 1998, tàbí Raft tí Diego Ongaro àti John Ousterhout gbé jáde ní 2014, ti yanjú èyí: àkọsílẹ̀ kò parí àfi tí èyí tó ju ìdajì àwọn sáfà bá gbà á. Òótọ́ ni. Raft sì ni ètò ìyànsípò GitHub fúnra rẹ̀ ń lò nígbà náà! Wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó máa jọba. Dátà fúnra rẹ̀ ni kò sí lábẹ́ ìfohùnṣọ̀kan náà. Kí ó tó lè wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti rìnrìn àjò lọ sọ́dọ̀ àwọn sáfà yòókù kí ìdáhùn sì padà. Ìmọ́lẹ̀ nínú okùn fáíbà ń rin nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kìlómítà 4,000 yóò gba ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan, bó ti wù kí sáfà yá tó.

Àtakò tó lágbára jù ni dátábéèsì Spanner tí Google ṣàlàyé ní 2012, tó ń fi aago átọ́ọ̀mù àti GPS to àkọsílẹ̀ káàkiri ayé. Síbẹ̀, Spanner mọ̀ pé aago rẹ̀ kò péye tán, ó sì ń mọ̀ọ́mọ̀ dúró títí iyèméjì aago náà yóò fi kọjá. Dátábéèsì Dynamo ti Amazon, ní 2007, kọ ìdúró: àwọn sáfà tó bá ń ṣiṣẹ́ lásìkò náà ni yóò gba àkọsílẹ̀, a ó pa àwọn ẹ̀dà pọ̀ lẹ́yìn náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ọjà tí oníbàárà ti yọ kúrò nínú agbọ̀n rẹ̀ lè tún yọjú. Amazon gbà á bẹ́ẹ̀, torí ó sàn fún olówò ju kí ọjà tí oníbàárà fi kún un sọnù. Kò sí báńkì tó máa gbà kí owó tí a ti gbà jáde tún yọjú bẹ́ẹ̀.