Kátítà àti àrùn inú ìtọ̀ ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe

Ẹni tí wọ́n bá gbé wọ yàrá ìtọ́jú àkànṣe nílé ìwòsàn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá ọ̀pọ̀ aláìsàn mí, kì í pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́ lójú ara láti máa gba ìtọ̀ rẹ̀ sínú àpò. Rọ́bà yìí ni àwọn dókítà ń pè ní kátítà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ń jẹ́ orúkọ Frederic Foley, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ Amẹ́ríkà. Orí rẹ̀ ní rọ́bà kékeré kan tó máa ń wú bíi fèrè ọmọdé bí wọ́n bá ti fa omi sí i. Òun ni kì í jẹ́ kí kátítà náà yọ́ jáde kúrò nínú ilé ìtọ̀.

Kì í ṣe nítorí pé aláìsàn kò lè dìde nìkan ni wọ́n ṣe ń fi í sí i. Kíndìnrín wà lára àwọn ẹ̀yà ara tó ń tètè fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ kò bá lọ káàkiri ara dáadáa. Ẹni tó bá wọn kìlò 60 yẹ kó máa tọ̀ tó mílílítà 30, ó kéré tán, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ń dín sí i ni dókítà ti ń fura.

Nínú ara ẹni tó le, ìtọ̀ tó ń tú jáde ló ń fọ kòkòrò dànù. Kátítà dá ìfọ̀ yìí dúró. Àwọn kòkòrò tí ń gbé inú ìfun láìṣe ẹnikẹ́ni níbi, bíi E. coli àti Klebsiella, á rọra gba ẹ̀yìn rọ́bà náà gòkè láti ojú ara. Àwọn mìíràn á gba inú rẹ̀, láti ẹnu àpò tí ọwọ́ ìdọ̀tí kàn. Wọn á ta awọ yíyọ̀ kan mọ́ rọ́bà náà, irú èyí tí ń lẹ̀ mọ́ inú àmù tí wọn kò fọ̀, oògùn kì í sì í ráyè wọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Lójoojúmọ́ tí kátítà bá fi wà lára, aláìsàn bíi 3 sí 7 nínú 100 ni kòkòrò ń dé inú ìtọ̀ wọn. Kó tó pé oṣù kan, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe ní nǹkan kan. Nígbà mìíràn, kòkòrò náà á gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí àìsàn mìíràn ti sọ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

Nítorí náà, ìdènà tó lágbára jù lọ ni kí wọ́n má fi í sí ẹni tí kò nílò rẹ̀, kí wọ́n sì yọ ọ́ ní kété tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí. Ó jọ ohun tó rọrùn, àmọ́ aṣọ ló bo rọ́bà náà mọ́lẹ̀, wọ́n sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000 fi hàn pé, ní wọ́ọ̀dù àwọn ilé ìwòsàn 4, ìgbà 28 nínú 100 ni dókítà kò mọ̀ pé kátítà wà lára aláìsàn tí òun ń tọ́jú. Láàárín àwọn ọ̀gá dókítà, ó tó 38! Èyí ló fà á tí àwọn ilé ìwòsàn kan fi ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì béèrè láràárọ̀ pé kí ni kátítà yìí ṣì ń ṣe lára aláìsàn yìí. Àwọn kan tilẹ̀ gbà á láyè láti yọ ọ́ láìdúró de dókítà. Ọkùnrin tí ìtọ̀ kàn ń dà lára rẹ̀ lè lo èyí tí wọ́n ń fi bọ ojú ara lóde bíi kọ́ńdọ̀mù.

Bó bá di dandan kí wọ́n fi í sí i, ọwọ́ mímọ́ àti ìbọ̀wọ́ tuntun ṣe kókó, wọn kò sì gbọ́dọ̀ já kátítà kúrò lára àpò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì ń fa ìtọ̀ sínú ìgò tó ṣí sílẹ̀, láàárín ọjọ́ 4 péré ni kòkòrò ti ń dé inú ìtọ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláìsàn. Àpò náà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ilé ìtọ̀ lọ nígbà gbogbo, kó má sì kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbé aláìsàn lọ ya àwòrán, ó rọrùn láti gbé àpò lé e níkùn, kí ìtọ̀ sì ṣàn padà. Kí wọ́n kọ́kọ́ da inú rẹ̀ nù. Ike tí wọ́n fi ń gba ti ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ kan ti ẹlòmíràn. Ẹbí tó bá wá wo aláìsàn lè ṣọ́ nǹkan wọ̀nyí, kò sì sí àrífín nínú bíbi nọ́ọ̀sì pé ìgbà wo ni wọn yóò yọ ọ́.

Fífún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò nítorí kí àrùn má baà wọlé kò bójú mu. Ńṣe ló ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí oògùn. Ọṣẹ àti omi ti tó láti fi wẹ ojú ara lójoojúmọ́. Kátítà olówó gọbọi tí wọ́n fi fàdákà bọ̀ kò dín àrùn kù nínú ìwádìí tí wọ́n fi aláìsàn tó lé ní 7,000 ṣe nílẹ̀ Bìrìtéènì, tó jáde lọ́dún 2012.

Ètò ńlá kan tí ilé ìwòsàn 603 kópa nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2016, dín àrùn náà kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ní àwọn wọ́ọ̀dù yòókù. Ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe, kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì. Kò ṣòro láti fura sí ìdí rẹ̀. Wíwọn ìtọ̀ ní wákàtí-wákàtí ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí láti fi kátítà sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì lè máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, tí kò sí dókítà tó ń yí ìtọ́jú padà nítorí iye náà mọ́.