Eré Àsápajúdé àti Owó Ìtanràn

Àwọn àgbà tí ó pe eré tí ó pọ̀ jù ní eré àsápajúdé mọ ohun tí wọ́n ń wí, nítorí ẹni tí ó bá sáré kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ kò mọ ibi tí ó ń lọ mọ́. Láti ìgbà tí ọkọ̀ tí ń fi ẹ̀rọ rìn ti dé ni àwọn ìjọba ti ń wá ọ̀nà àtikápá irú eré bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò tí ènìyàn ń gbé, owó ìtanràn sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbára lé. Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi agbára owó náà hàn, ó sì fi ibi tí agbára náà pin sí hàn pẹ̀lú.

Òfin ọdún 1865 pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má ṣe rìn ju máìlì 4 ní wákàtí kan ní ìgbèríko, tàbí máìlì 2 láàrin ìlú àti abúlé. Ẹni tí ó bá rú òfin náà lè san tó £10. Ní 1903, òfin titun gbé ìwọ̀n eré sókè dé máìlì 20, ó sì sọ ìtanràn di àtẹ̀gùn: £10 ni òpin rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, £20 ní ìgbà kejì, àti £50 láti ìgbà kẹta lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó ní ọkọ̀ nígbà náà, £10 kò sì tó ohun tí í ba irú wọn lẹ́rù. Àwọn ọlọ́pàá a máa fara pamọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ní 1905 àwọn awakọ̀ dá ẹgbẹ́ Automobile Association sílẹ̀, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ kiri láti ta wọ́n lólobó. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dájọ́ ní 1909 pé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lè di ìdíwọ́ fún iṣẹ́ ọlọ́pàá, wọ́n dá ọgbọ́n mìíràn: ẹ̀ṣọ́ a máa kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, bí kò bá kí wọn, wọn a mọ̀ pé ewu ń bẹ níwájú. Báyìí ni òfin di eré bojúbojú.

Ní 1930 àwọn aṣòfin fòpin sí ìwọ̀n eré fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní 1934, ènìyàn 7,343 ni ó kú lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 1935, nígbà tí Leslie Hore-Belisha jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà, ìwọ̀n máìlì 30 bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ibi tí òpó iná ìgboro kò bá jìnnà síra ju 200 yáàdì lọ. Òpó iná di ààlà òfin. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò rí i. Ní oṣù Kẹfà, ìdánwò di dandan fún awakọ̀ titun. Iye àwọn tí ó kú lọ́dún náà wálẹ̀ sí 6,502. Kì í ṣe ìwọ̀n eré nìkan ni ó fa èyí, ṣùgbọ́n ènìyàn 841 kì í ṣe ohun kékeré.

Ní ti àpò olówó, orílẹ̀-èdè Finland ti dáhùn ní tirẹ̀. Ọmọ ìka kò dọ́gba. Nítorí náà, láti 1921 ni wọ́n ti ń fi owó tí ń wọlé fún ènìyàn ṣe ìṣírò ìtanràn. Ní 2023, ọlọ́rọ̀ kan ní erékùṣù Åland san 121,000 yúrò nítorí pé ó sá kìlómítà 82 níbi tí òfin gba 50.

Àfikún owó ìtanràn dára, ṣùgbọ́n kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Òfin gbọ́dọ̀ hàn kedere, ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè tẹ arúfin, ìyà sì gbọ́dọ̀ dun olówó bí ó ti ń dun tálákà. Níbi tí ọ̀kan bá ti yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ tí ń sọdá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ni yóò san gbèsè náà.