Adékúnlé Ajáṣin: Olùkọ́ tí ó di Gómìnà

Ìlú Ọ̀wọ̀ ni a bí Adékúnlé Ajáṣin sí ní ọdún 1908. Òun ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Imade College láti 1947 di 1962. Òun náà ni ó kọ ìlànà ètò ẹ̀kọ́ fún Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tí a ṣí ní Ọ̀wọ̀ ní 1951. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955.

Ní 1979, Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀ gbé e dé ipò gómìnà Oǹdó. Ní 1983, wọ́n kéde alátakò rẹ̀; rògbòdìyàn bẹ́, ẹ̀mí ṣòfò. Ilé-ẹjọ́ dá ipò padà fún un, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àwọn ológun gbàjọba. Ipò ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni. Ìwé tí ọmọ tálákà kà kò ṣeé gbà.