Ère, Orúkọ àti Ìtọ́jú: Ìwádìí lórí Ìrántí Akọni Agbábọ́ọ̀lù, láti Mákòókó dé Sùúrùlérè

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù ní Mákòókó, tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá láàrin àwọn ilé olópòó tí èéfín ẹja yíyan ti kun òrùlé wọn, tí ó gúnlẹ̀ tán tí ó sì rìn dé Yábàá, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ohùn kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ dáńfó tí ń ké tantan pé, “Ojúẹlẹ́gba! Sitédíọ̀mù! Bárékè!” Orúkọ ibùdókọ̀ lásán ni èyí létí èrò, bẹ́ẹ̀ ìtàn ń bẹ nínú wọn. Ojúbọ Ẹlẹ́gba ni ó sọ Ojúẹlẹ́gba lórúkọ. Pápá ìṣeré ńlá ti ìjọba àpapọ̀, tí a kọ́ parí ní 1972 nítorí ìdíje eré ìdárayá gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti 1973, ni ó sọ Sitédíọ̀mù ní Sitédíọ̀mù. Níwájú pápá yìí ni a gbé ère ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí, ẹni tí ó ṣubú lórí koríko ibẹ̀ tí kò sì dìde mọ́. Ṣùgbọ́n ṣéńjì ni èrò ọkọ̀ ń bá kọ̀ńdọ́ fà bí wọ́n bá ń kọjá níwájú rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ wádìí kò ju ẹyọ kan lọ, èyí nì ni pé kí ni ó ń mú ìrántí akọni agbábọ́ọ̀lù dúró láàrin wa: ère tí a gbé kalẹ̀ ni, tàbí orúkọ tí a fi sọ ilẹ̀, tàbí ohun mìíràn tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn méjèèjì?

Ère lọ́wọ́ àwọn baba wa

Àwọn kan a máa sọ pé láti òkè òkun ni a ti kọ́ bí a ti í gbé ère ènìyàn kalẹ̀ fún ìrántí. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, bí ẹni ńlá bá papò dà tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì rí já jẹ, wọn a gbẹ́ àkó, ère tí ó jọ olóògbé bí ìmumu, wọn a fi aṣọ olóògbé wọ̀ ọ́, wọn a sì gbé e yí ìlú ká, kí ojú lè rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá sì kú, ìyá a mú ère rẹ̀ dání, a wẹ̀ ẹ́, a fi osùn pa á lára, a fún un ní oúnjẹ, títí ojú àti imú tí agbẹ́gilére fi ọ̀bẹ là sí i yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ojú tí ó pa rẹ́ yẹn kì í ṣe àbùkù. Ẹ̀rí ni pé ọwọ́ ìfẹ́ kò kúrò lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo òdìkejì rẹ̀ ní Èsìé, ní ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí ère òkúta tí ó lé ní 1,000 wà, tí a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn ní 1945. Ọkùnrin ń bẹ níbẹ̀, obìnrin ń bẹ níbẹ̀. Ẹlòmíràn di irun, ẹlòmíràn kọ ilà, ẹlòmíràn mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ó jọ pé ẹni ńlá ni wọn ní ọjọ́ ayé wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnìkan lónìí tí ó lè pe ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ. Òkúta kò jẹrà, ṣùgbọ́n ẹnu tí ń kì wọ́n ti pa mọ́.

Orúkọ tí a fi sọ pápá

Bí ère kò bá tó, ǹjẹ́ orúkọ tó? Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ẹni tí a sì wò kí a tó sọ pápá kejì ní Sùúrùlérè, èyí tí ó fẹ̀gbẹ́ kan ti ìjọba àpapọ̀, lórúkọ ni Teslim Balogun. Ọmọ Èkó ni. Agbábọ́ọ̀lù tí ìbọn ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mú un gba orúkọ Thunder, nítorí pé bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù, aṣọ́lé a dà bí ẹni tí àrá sán sí létí. Ó wà nínú ẹgbẹ́ tí Nàìjíríà kọ́kọ́ rán lọ sí Ìlú Ọba ní 1949, tí èyí tí ó pọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù lójú òyìnbó tí ó wọ bàtà. Nígbà tí ó padà lọ síbẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní sáà 1956 sí 1957, ó jáde nígbà 13 nínú ìdíje líìgì, ó sì jẹ góòlù 3. Ní 1972, ọdún náà gan-an tí a parí pápá àkọ́kọ́, ni ọlọ́jọ́ dé bá a. Ní 1984 ni a bẹ̀rẹ̀ pápá tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kò sì parí títí di 2007. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ tí a fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ti lè gboyè jáde ní yunifásítì kí a tó ṣí ilẹ̀kùn. Ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú, pápá ìṣeré kan ń jẹ́ orúkọ Muda Lawal, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó jẹ góòlù kẹta nígbà tí Nàìjíríà fi 3 sí 0 na Àlìjíríà ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, tí a sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Orúkọ dára, ó sì ju òkúta lọ ní ti pé ẹnu ń gbé e kiri. Ṣùgbọ́n Ojúẹlẹ́gba ti kọ́ wa lọ́gbọ́n: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu ń pè é lójoojúmọ́, mélòó nínú wọn ni ó ń rántí Ẹlẹ́gba? Bí a bá ń pe orúkọ láìkì í, kò pẹ́ kì í pẹ́ tí yóò fi di orúkọ ibùdókọ̀.

Ère tí ó wà níwájú pápá

Samuel Okwaraji ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí a mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ Orlu ní ilẹ̀ Ìgbò ni, a bí i ní 1964, ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó sì gbá bọ́ọ̀lù kiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà díje fún àyè nínú ìdíje ife àgbáyé, ó wó lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú 77. Àwọn oníṣègùn tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò rí i pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, àti pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀. Nàìjíríà borí pẹ̀lú góòlù 1 sí 0, ṣùgbọ́n ta ni ó rántí ayọ̀ ọjọ́ náà?

Orí dé àyà ni ère rẹ̀ mọ. Ẹni tí kò bá ro ọ̀rọ̀ jinlẹ̀ lè béèrè pé irú agbábọ́ọ̀lù wo ni a gbẹ́ tí a kò gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? Ní tiwa, ó tọ́ bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ ni ó fi gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n inú àyà ni ohun tí ó fi san gbèsè ìlú wà. A kò sì béèrè ìran rẹ̀ kí a tó gbé e kalẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé ilẹ̀ tí ènìyàn bá kú lé lórí fún wa ti di ilẹ̀ baba rẹ̀.

Ohun tí ojú ti rí ní òkèèrè

Òkú ò mọ iye a rà'gọ̀, alààyè ni ère wà fún, ọkàn alààyè a sì máa yí. Ní Malmö, ní ilẹ̀ Sweden, a ṣí aṣọ lójú ère agbábọ́ọ̀lù Zlatan Ibrahimović ní oṣù Kẹwàá 2019. Kò pẹ́ tí ó ra ìpín nínú ẹgbẹ́ mìíràn tí ń bá ti ìlú rẹ̀ díje, inú sì bí àwọn ọmọ ìlú rẹ̀, wọ́n ń ba ère náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi gé e lẹ́sẹ̀ tí wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2020. Ní Madeira, ère Cristiano Ronaldo tí a ṣí ní 2017 di ohun ẹ̀rín fún gbogbo ayé nítorí pé kò jọ ọ́, ni a bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọdún kejì. Ìbá ṣe pé wọ́n mọ àkó Ọ̀wọ̀, wọn ìbá ti mọ̀ pé jíjọ ni ọlá àwòrán.

Ṣùgbọ́n ti Arthur Wharton ni ó wọ̀ wá lára jù. Ìlú Accra ní Gánà ni a ti bí i ní 1865, òun sì ni a kà sí adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ oòjọ́ ní gbogbo àgbáyé. Ó kú sínú òṣì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1930, a sì sin ín sí sàréè tí kò ní àmì. Àwọn tí kò fojú rí i rí ni wọ́n hú ìtàn rẹ̀ jáde, tí wọ́n gbé òkúta lé sàréè rẹ̀ ní 1997, kí ère rẹ̀ tó wá dìde ní St George's Park ní 2014. Ìtàn ni ó ṣíwájú, orúkọ tẹ̀ lé e, ère sì ni àbíkẹ́yìn wọn.

Ẹ̀kọ́ láti Mákòókó

Ẹ jẹ́ kí a padà síbi tí a ti gbéra. Ní 2013, Kúnlé Adéyẹmí, ọmọ wa tí ó jẹ́ ayàwòrán ilé, kọ́ ilé-ìwé tí ń léfòó sórí omi ní Mákòókó. Gbogbo ayé wá wò ó, wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n yìn ín. Ní oṣù Kẹfà 2016, ìjì òjò dé, ó wó. Ṣùgbọ́n àwọn ilé olópòó tí ẹnikẹ́ni kò fún ní ẹ̀bùn ṣì dúró yí ibẹ̀ ká. Bí a bá tẹjú mọ́ abẹ́ wọn, a ó rí òpó dúdú tí omi ti jẹ nídìí, òpó tuntun tí àwọ̀ igi kò tíì kúrò lára rẹ̀ yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn Ègùn tí wọ́n tẹ ibẹ̀ dó kò retí òpó tí kì í jẹrà. Èyí tí ó bá jẹrà ni wọ́n ń pààrọ̀, ilé kò sì ṣí.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn tí wọ́n wà ní pápá lọ́jọ́ tí Okwaraji ṣubú ti ń dàgbà, àwọn tí wọ́n rí ẹsẹ̀ Balogun kò sì pọ̀ mọ́. Nítorí náà, bí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ kan bá tún fẹ́ gbé ère agbábọ́ọ̀lù kalẹ̀ ní agbègbè wa, kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó yan ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ, kí wọ́n sì dá ọjọ́ kan lọ́dún tí àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò dúró yí i ká, tí a ó sì ròyìn fún wọn ohun tí ẹni náà ṣe. Òpó ni ère, òpó ni orúkọ. Omi ìgbàgbé kò sì jìnnà sí ìdí wọn. Ẹni tí ń gbé òpó tuntun bọ̀ ni onílé.