Kọ̀ǹpútà Tí Kò Mọ Àdírẹ́sì Ara Rẹ̀

Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àtẹ̀gùn tí a ń gùn débẹ̀ lé ní 600. Ẹni tó bá gùn ún rí mọ̀ pé èèyàn kì í tìtorí ohun kan ṣoṣo sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan la máa gbé e gòkè, ká wá pín in lọ́hùn-ún.

Ọgbọ́n yẹn náà ló wà nídìí fífi operating system sórí kọ̀ǹpútà láti orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ìtàn rẹ̀ ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, disk wọ́n gan-an. Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ń ta kọ̀ǹpútà tí kò ní disk rárá. Orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni gbogbo fáìlì rẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ̀rọ tí kò mọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ ṣe máa béèrè nǹkan? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, Bill Croft àti John Gilmore kọ ìlànà BOOTP sílẹ̀. Ẹ̀rọ á pariwo sórí wáyà pé, "Ta ni mí? Níbo ni fáìlì mi wà?" Server á dá a lóhùn. TFTP, tó ti wà ṣáájú, lè wá gbé fáìlì náà wá. Ní 1993, DHCP jáde láti ara BOOTP. Nígbà tó di 1999, Intel gbé PXE 2.1 jáde, káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì inú kọ̀ǹpútà lásán náà sì mọ bí a ṣe ń pariwo yẹn.

Disk ti dọ̀pọ̀ báyìí. Dátà ló wọ́n lọ́dọ̀ tiwa. Nígbà kan, àwọn tó ṣe Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ ní 2004, máa ń fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró ní 2011. Bẹ́ẹ̀, láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe UTME. Ọmọ Ìdànrè tó fẹ́ wọ yunifásítì ò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá kíbọ́ọ̀dù mọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ká ní iléèwé kan rí 20 kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ gbà. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fa 1GB láti íntánẹ́ẹ̀tì, 20GB ti lọ nìyẹn. Tí server kan bá wà nínú yàrá, ẹ̀ẹ̀kan la máa fà á.

Bí a ṣe ń múra ẹ̀rọ sílẹ̀ rèé. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì tó ṣe pàtàkì kúrò lórí rẹ̀. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ẹ má gbára lé Wi-Fi. Ẹ wọ inú BIOS, F2 tàbí Del ni lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kí ẹ tan PXE, kí ẹ sì fi í ṣáájú disk. Ẹ rí i pé server DHCP kan ṣoṣo ló ń dáhùn: bí méjì bá ń dáhùn, ẹ̀rọ lè gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ èyí tí kò mọ ibi tí fáìlì wà. Ẹ fi server sórí UPS, torí iná lè lọ nígbàkigbà. Bó bá parí, ẹ dá disk padà síwájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ lè tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Flash náà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà kan tó lágbára díẹ̀, switch kan àti wáyà, ẹ ti ní ohun tó tó fún gbogbo yàrá.